ÀÁRÓ ÌMỌ̀: Ọ̀RỌ̀-ÌPERÍ ÀTI ÀJỌṢE LÁÀÁRÍN ÀWỌN Ọ̀JẸ̀WẸ́WẸ́ OLÙWÁDÌÍ ÌLERA

1.0 Ìfáàrà

Àìsàn kò mọ ààlà tí ó wà láàárín ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan àti èkejì ní yunifásítì. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà wọ ara ọmọdé, ṣùgbọ́n adágún omi tí ẹ̀fọn yé ẹyin sí, ibùsùn tí kò ní nẹ́ẹ̀tì, owó tí kò sí lọ́wọ́ òbí, àti orúkọ tí ìyá ọmọ náà ń pe àìsàn ọ̀hún nínú ilé, gbogbo wọn ni ó jọ ń pinnu bóyá ọmọ náà yóò tètè rí ìtọ́jú. Onímọ̀ ìṣègùn ni ó mọ̀ nípa kòkòrò. Onímọ̀ àyíká ni ó mọ̀ nípa adágún. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé ni ó mọ̀ nípa owó. Onímọ̀ èdè àti àṣà ni ó mọ̀ nípa orúkọ. Bí olúkúlùkù wọn bá dá tirẹ̀ ṣe, apá kan ṣoṣo nínú àìsàn náà ni yóò rí.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń darí ìwádìí ìlera fi ń tẹnu mọ́ ọn lóde òní pé kí àwọn onímọ̀ láti oríṣìíríṣìí ẹ̀ka máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ni àwọn tí wọn kò tí ì pẹ́ nídìí iṣẹ́: àwọn tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́, àti àwọn tí ó gba oyè náà láìpẹ́. Nínú àròkọ yìí, ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ olùwádìí ni orúkọ tí ó dúró fún wọn. 'Olùwádìí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀' kò bá wọn mu, nítorí pé ó lè mú kí ènìyàn rò pé wọn kò tí ì mọ nǹkan kan. Ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ ti wọ agbo ná. Ó mọ ijó, ó sì mọ ìlù. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó dúró ti àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ títí òun náà yóò fi di ẹni tí ó lè dá eré sílẹ̀.

Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé lórí ọ̀rọ̀ ni àjọṣe irú èyí ń dúró lé, lórí ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ti ń wó. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń dá ìbéèrè ìwádìí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ìbéèrè ti jinná tán ni wọ́n tó ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Àpẹẹrẹ mẹ́ta láti ilẹ̀ Yorùbá ni yóò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀rọ̀ nípa ipò ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀, àti àwọn ọ̀rọ̀-ìperí díẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò àwọn olùkọ́ àti àwọn ògbufọ̀.

2.0 Àgbàṣe, Ọ̀wẹ̀ àti Àáró

'Àjọṣepọ̀' ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé fún irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó gbòòrò ju bí ó ti yẹ lọ: tọkọtaya ní àjọṣepọ̀, àwọn oníṣòwò ní in, ìjọba méjì náà lè ní in. Kò sọ ẹni tí ó ni iṣẹ́, kò sì sọ ẹni tí yóò kórè. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtó ju èyí lọ fún ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣiṣẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ni yóò wúlò níhìn-ín.

Èkíní ni iṣẹ́ àgbàṣe. Olóko a pe alágbàṣe, wọn a dúnàá-dúrà, alágbàṣe a kọ ebè tàbí kí ó ro oko, a gba owó rẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Kì í bèèrè ohun tí wọn yóò gbìn síbẹ̀, kò sì ní ìpín nínú ìkórè. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún a bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna. A pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Àwọn tí ó wá a fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oko ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n ni oko náà ń jẹ́. Ẹ̀kẹta ni àáró. Àwọn ẹgbẹ́ tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba a parapọ̀; lónìí wọn a wà ní oko ẹni kìíní, lọ́jọ́ mìíràn wọn a wà ní oko ẹnìkejì, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá ti bá ṣe gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù ṣe. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń jẹ́ alágbàṣe.

Nínú ìwádìí ìlera, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà. Bí dókítà bá kọ ogójì ìbéèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gbé wọn fún onímọ̀ èdè pé kí ó túmọ̀ wọn kí ó sì gba owó rẹ̀, àgbàṣe ni. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá rí owó ìrànwọ́ ìwádìí gbà, tí ó pe àwọn onímọ̀ mẹ́rin kí olúkúlùkù wá ṣe apá tirẹ̀ kí wọ́n sì kó iṣẹ́ náà jọ sí ọwọ́ rẹ̀, ọ̀wẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn onímọ̀ láti ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta bá jọ jókòó dá ìbéèrè sílẹ̀, tí onímọ̀ ìṣègùn kọ́ díẹ̀ nínú ọgbọ́n èdè, tí onímọ̀ èdè náà kọ́ díẹ̀ nínú ọgbọ́n ìṣègùn, tí olúkúlùkù sì mú ohun tí yóò gbé ẹ̀ka tirẹ̀ ga padà sílé, àáró ni. Ọ̀rọ̀ tí àròkọ yìí dá lábàá fún èyí ni àáró ìmọ̀.

Àgbàṣe kò burú, ọ̀wẹ̀ pàápàá kò sì burú. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ni wọ́n ti fi ṣe. Ohun tí ó burú ni kí wọ́n pe ènìyàn sí àáró, kí ó dé oko kí ó bá ara rẹ̀ ní ipò alágbàṣe. Ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ ni irú èyí máa ń bá jù, nítorí pé kò tí ì ní oko tí ó lè pe ẹlòmíràn sí.

3.0 Àpẹẹrẹ Kìíní: Àró ní Abẹ́òkúta

Ní 1954, Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ, gba iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta. Ètò tí ó gbé kalẹ̀ níbẹ̀ di mímọ̀ káàkiri àgbáyé: dípò kí wọ́n há gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà, wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn. Lámbò fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, nítorí pé ó mọ̀ pé wọ́n ní ìmọ̀ nípa àwọn aláìsàn náà tí kò sí nínú ìwé tí òun kà ní òkè òkun.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni ìwádìí kan ti jáde tí Àró àti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà jọ ṣe. Àwọn dókítà àrùn ọpọlọ wà nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé-ayé ẹ̀dá sì wà níbẹ̀. Alexander Leighton ni ó ṣáájú àwọn ará Cornell. Charles Hughes àti Jane Murphy, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ àṣà, wà lára àwọn tí ó kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde nípa rẹ̀ ní 1963. Wọ́n fẹ́ fi ìlera ọkàn àwọn Yorùbá wé ti àwọn ará agbègbè kan ní Nova Scotia ní Kánádà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú ìwádìí náà láàárín wọn.

Kíá ni wọ́n bá ìṣòro ọ̀rọ̀ pàdé. Ìbànújẹ́ tí ó di àìsàn, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, kí ó jẹun, tàbí kí ó ní ìrètí, ní orúkọ kan ṣoṣo nínú ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó. Nínú èdè Yorùbá, wọ́n bá àwọn àmì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò rí orúkọ kan tí ó kó gbogbo wọn pọ̀ sí ojú kan. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ni wọ́n wá kiri, wọn ì bá sọ pé àìsàn náà kò sí nílẹ̀ Yorùbá. Nítorí pé àwọn onímọ̀ àṣà wà ní ìjókòó, àmì ni wọ́n bèèrè, wọ́n sì rí i pé àìsàn náà wà.

Èyí tí ó yàtọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ náà 'wèrè'. Ní 1976, Jane Murphy kọ àròkọ kan nínú jọ́nà Science, níbi tí ó ti fi hàn pé ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní wèrè súnmọ́ ohun tí àwọn dókítà mọ̀ sí àrùn ọpọlọ líle: gbígbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, rírẹ́rìn-ín láìsí ohun tí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣíṣa igi àti ewé jọ láìnídìí. Ó fi èyí wé ọ̀rọ̀ tí àwọn Yúpíìkì, ní ilẹ̀ yìnyín tí ó jìnnà réré, ní fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní àkókò náà àwọn onímọ̀ kan ń sọ pé orúkọ tí àwùjọ fi pe ènìyàn ni ó ń sọ ọ́ di wèrè. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò fínnífínní, di ẹ̀rí nínú àríyànjiyàn àgbáyé.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú Àró ni pé ọ̀rọ̀ inú èdè kan lè kéré sí ti ìṣègùn, ó lè dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ó sì lè pín in sí wẹ́wẹ́. Kò sí ìwé atúmọ̀-èdè tí ó lè dá sọ èyí fún olùwádìí.

4.0 Àpẹẹrẹ Kejì: Ìgbàgbé Ogbó ní Ìbàdàn

Ní 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntòkun, àgbà onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, ni ó ṣáájú ní Ìbàdàn; Hugh Hendrie ni ó ṣáájú ní Indianapolis. Wọ́n fẹ́ mọ bí àìsàn tí ń jẹ ìrántí àti òye àgbàlagbà run ti pọ̀ tó láàárín àwọn Yorùbá tí ó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìbàdàn, kí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn baba ńlá wọn ti Áfíríkà wá. Àwọn dókítà, àwọn onímọ̀ ìṣirò, àwọn nọ́ọ̀sì, àti lẹ́yìn náà àwọn onímọ̀ àbùdá, ni ó jọ ṣe é.

Ohun èlò tí wọ́n lò ti kọ́kọ́ wúlò láàárín àwọn Cree, ìran onílẹ̀ kan ní Manitoba ní Kánádà. Ó ní apá méjì. Apá kìíní ń dán ìrántí àgbàlagbà náà wò. Apá kejì ń bi ìbátan rẹ̀ léèrè nípa ìgbé-ayé rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà ní Ìbàdàn kò lọ sí ilé-ìwé, nítorí náà ìbéèrè tí ó ń fẹ́ kíkà tàbí kíkọ kò lè wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá lò ó, àìmọ̀wé ni wọn ì bá wọ̀n, wọn ì bá sì pè é ní àìsàn. Wọ́n túmọ̀ ohun èlò náà sí Yorùbá, wọ́n sì tún túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti yẹ ìtumọ̀ náà wò.

Ó dára kí a wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí ògbufọ̀ kò bá ṣọ́ra. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó súnmọ́ àìsàn yìí gan-an: ṣíṣarán. Bí wọ́n bá túmọ̀ 'Ṣé ìyá yín ń ṣarán?' sí Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tún túmọ̀ rẹ̀ padà sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ilé láìfarapa. Síbẹ̀, ọmọ wo ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni níwájú àlejò? Èébú ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà yóò sọ pé rárá, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ìyá náà dá. Ìtumọ̀ àdápadà lè wọn èrò inú ọ̀rọ̀. Kò lè wọn ìtìjú inú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ èdè ni yóò sọ pé kí wọ́n bèèrè ohun tí ojú rí: ṣé màmá máa ń ṣìnà bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ọjà tí wọ́n ti ń ná láti ìgbà èwe wọn? Ṣé wọ́n máa ń bèèrè oúnjẹ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán?

Bákan náà ni ìbéèrè tí ó dà bíi pé ó rọrùn jù lọ, 'Ọjọ́ wo ni òní?' Àgbàlagbà kan lè fi ọjọ́ ọjà dáhùn, nítorí pé ọjọ́ ọjà ni ó fi ń ka ọjọ́. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ìwé ìbéèrè nìkan ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, kí ọmọdé máa bi àgbà léèrè orúkọ rẹ̀ lójúkojú kò bá ẹ̀kọ́ ilé mu. Bí àgbà náà bá dákẹ́, ìbínú lè wà nínú ìdákẹ́ náà, kí ó má jẹ́ ti ìgbàgbé rárá.

Àbájáde ìwádìí náà fi ìdí tí gbogbo èyí fi ṣe pàtàkì hàn. Ní 1995 ni iye àpapọ̀ aláìsàn jáde, ìyẹn iye àwọn tí àìsàn náà wà lára wọn ní àkókò kan: ìdá 2.29 nínú 100 ní Ìbàdàn, ìdá 4.82 nínú 100 láàárín àwọn tí ó ń gbé nílé ara wọn ní Indianapolis. Ní 2001 ni iye aláìsàn tuntun jáde, ìyẹn iye àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láàárín ọdún kan: ìdá 1.35 nínú 100 láàárín àwọn Yorùbá, ìdá 3.24 nínú 100 láàárín àwọn ará Indianapolis. Àwọn 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, tí àìsàn náà kò sí lára wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n tẹ̀lé fún èyí.

Ìyàtọ̀ yìí pọ̀. Ó mú kí àwọn onímọ̀ máa bèèrè ohun tí ó ń dáàbò bo àwọn ará Ìbàdàn: ṣé oúnjẹ ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ tí kò ru ni, àbí àbùdá? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí: ṣé ìyàtọ̀ náà wà lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ ni ó dá a sílẹ̀? Bí àwọn ọmọ bá ti bo ìyá wọn ní àṣírí nítorí ìbéèrè tí kò dára, iye tí ó kéré náà ì bá jẹ́ iye ìtìjú, kì bá tí jẹ́ iye àìlera. Ohun tí ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè gba àbájáde náà gbọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀, àti bí àwọn dókítà ti tún yẹ apá kan nínú àwọn ènìyàn náà wò lẹ́yìn àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni gbogbo ìṣirò tí ó tẹ̀lé e dúró lé.

5.0 Àpẹẹrẹ Kẹta: Sọ̀bìà ní Ìdèrè

Àpẹẹrẹ méjèèjì tí ó ṣáájú wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní agbègbè Ìbàràpá, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn dókítà nípa ìlera ìgbèríko láti 1963, àáró náà fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú Ìdèrè, láàárín 1980 sí 1990, sọ̀bìà ń yọ àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu. Inú omi mímu ni àrùn náà ti ń wọ ara, nípasẹ̀ kòkòrò omi tín-ín-tín tí ó gbé ọmọ aràn náà mì. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn náà tó yọ jáde. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èèṣí, kí ó sì dá a lẹ́bi fún egbò tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lónìí?

Àwọn olùkọ́ nípa ìlera láti Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn tí ó mọ̀ nípa àṣà, jókòó ti àwọn ará ìlú láti gbọ́ ohun tí àwọn fúnra wọn ń sọ nípa sọ̀bìà. Wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú kan ní iṣẹ́ ìlera, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ń ta aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi fún aládùúgbò wọn. Àwọn onílé wá di olùwádìí pẹ̀lú àlejò. Àáró onílé-àlejò ni orúkọ tí ó yẹ irú èyí: àjọṣe tí ó rékọjá yunifásítì, tí ẹni tí àìsàn ń ṣe ní ohùn nínú ìbéèrè.

Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó lé sọ̀bìà lọ. Nàìjíríà ka aláìsàn tí ó lé ní 650,000 ní 1988. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Kò sí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ṣe é. Ìyípadà nínú bí àwọn ènìyàn ṣe ń bu omi àti bí wọ́n ṣe ń mu ún ni ó ṣe é, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi yí ìyẹn padà.

6.0 Ipò Ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ Olùwádìí

Bí àáró ìmọ̀ bá ní èrè tó báyìí, kí ni kì í jẹ́ kí ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ sáré wọ inú rẹ̀? Ìdáhùn kò jìnnà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní jọ́nà tirẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ó ń gbé ènìyàn ga lẹ́nu iṣẹ́ sì máa ń wo iye iṣẹ́ tí ó ṣe nínú ẹ̀ka tirẹ̀. Onímọ̀ èdè tí ó lo ọdún mẹ́ta lórí ìwé ìbéèrè àwọn dókítà lè padà sí ẹ̀ka rẹ̀ kí wọ́n bi í pé, 'Èwo ni ti èdè nínú èyí?' Dókítà tí ó lo ọdún kan láti kọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìrora lè gbọ́ irú ìbéèrè kan náà ní ẹ̀ka tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ lórí iṣẹ́ tún le ju èyí lọ. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ti fi ohun mẹ́rin lélẹ̀ tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe: kí ó kópa gidi nínú dídá èrò iṣẹ́ náà sílẹ̀, tàbí nínú kíkó dátà jọ àti títú u palẹ̀, kí ó kópa nínú kíkọ iṣẹ́ náà tàbí nínú títún un ṣe lọ́nà tí ó jinlẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i kí ó tó jáde, kí ó sì gbà láti dáhùn fún un bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí, títún èdè ṣe nìkan kò tó. Onímọ̀ èdè tí wọ́n pè lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí yóò bá orúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ rántí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹni tí ó bá kópa nínú ohun àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rí àyè láti ṣe mẹ́ta yòókù. Ìyẹn ni pé ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ilẹ̀kùn wà. Ẹni tí kò bá gba ibẹ̀ wọlé, òde ni yóò wà títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Àwọn ètò kan ti wà tí ó ń gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni CARTA, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì àti ilé-ìwádìí ní Áfíríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé láti ẹ̀ka ìṣègùn, ìmọ̀ àwùjọ àti àwọn ẹ̀ka mìíràn ń pàdé nínú àpérò àjùmọ̀ṣe, wọ́n ń gbé iṣẹ́ wọn wá síwájú àwọn tí kì í ṣe ẹ̀ka wọn. Ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀-ìperí ẹ̀ka rẹ̀ ni ó mọ iṣẹ́ náà dájú.

Ohun mẹ́rin wà tí ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ lè ṣe láìdúró de ètò ńlá kankan. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó bèèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bóyá àgbàṣe, ọ̀wẹ̀ tàbí àáró ni wọ́n pe òun sí, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn tí ó wà nínú iṣẹ́ jọ kọ ìwé ọ̀rọ̀ kékeré kan, tí olúkúlùkù yóò ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì ní ẹ̀ka méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbé gbogbo ìbéèrè tọ àgbàlagbà díẹ̀ lọ kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n bèèrè ohun tí ìbéèrè náà ṣe sí wọn lára, yàtọ̀ sí ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí wọ́n pinnu ṣáájú pé iṣẹ́ kan yóò jáde nínú jọ́nà ìṣègùn, òmíràn yóò sì jáde nínú jọ́nà èdè, kí àáró náà lè dé oko olúkúlùkù.

Àwọn àgbà náà ní ipa tiwọn. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọwọ́ rẹ̀ tó owó ìrànwọ́ àti ìgbìmọ̀ tí ó wà lórí pẹpẹ. Ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ ni ó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, tí ó ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn, tí ó sì mọ ìbéèrè tí ó ń mú ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Bí ohun tí ó gbọ́ kò bá dé etí àgbà kí wọ́n tó tẹ ìwé ìbéèrè, ohun tí ó wà nínú kèrègbè yóò wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò mú un jáde.

7.0 Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí Tí Àròkọ Yìí Dá Lábàá

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 tí èkejì sì jáde ní 1990, ti ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹ̀kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí ìlera náà nílò irú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà fún àgbéyẹ̀wò:

Àkópọ̀ ẹ̀ka-ìmọ̀: iṣẹ́ tí olúkúlùkù onímọ̀ ti dá ṣe apá tirẹ̀, tí wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú kan.

Àáró ìmọ̀: iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ dá ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, tí èrè rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ olúkúlùkù.

Àáró onílé-àlejò: àáró ìmọ̀ tí àwọn ará ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùṣe rẹ̀.

Ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ olùwádìí: ẹni tí ó ti wọ iṣẹ́ ìwádìí, ṣùgbọ́n tí kò tí ì pẹ́ nínú rẹ̀.

Ìtumọ̀ àdápadà: títún ohun tí wọ́n ti túmọ̀ túmọ̀ padà sí èdè tí ó ti wá, láti ọwọ́ ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́.

Ìdọ́gba èrò: kí ìbéèrè kan náà ní èdè méjì máa wọn ohun kan náà, bí ọ̀rọ̀ inú wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

Àyẹ̀wò asẹ́: àyẹ̀wò kíákíá tí ó ń ya àwọn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àìsàn sọ́tọ̀, bí asẹ́ ti í ya èérí.

Àyẹ̀wò ìfìdímúlẹ̀: àyẹ̀wò kíkún tí dókítà ń ṣe lẹ́yìn àyẹ̀wò asẹ́ láti mọ̀ bóyá àìsàn náà wà lóòótọ́.

Iye àpapọ̀ aláìsàn: iye gbogbo àwọn tí àìsàn kan wà lára wọn ní àkókò kan, àtijọ́ àti tuntun.

Iye aláìsàn tuntun: iye àwọn tí àìsàn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láàárín ìwọ̀n àkókò kan.

Ìfọwọ́sí olóye: ìyọ̀ǹda tí ènìyàn fún olùwádìí lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un ní èdè tí ó yé e.

Olùkọ́ tí ó bá lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní kíláàsì ni yóò mọ èyí tí ó yọ̀ lẹ́nu àti èyí tí ó há. Nínú lílò ni ọ̀rọ̀-ìperí ti ń di ti gbogbo ènìyàn.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpẹẹrẹ Àró fi hàn pé bí onímọ̀ àṣà bá wà ní ìjókòó, àìsàn tí kò ní orúkọ kan ṣoṣo kò ní bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Ti Ìbàdàn fi hàn pé iye tí wọ́n gbé jáde fún gbogbo ayé kò lè ṣeé gbà gbọ́ ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bèèrè rẹ̀ lọ. Ti Ìdèrè fi hàn pé àwọn tí àìsàn ń ṣe náà ní ìmọ̀ tí wọn yóò mú wá sí oko. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbéèrè ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ìbéèrè.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ tí ó jẹ́ dókítà àti èyí tí ó jẹ́ onímọ̀ èdè wà nínú ọgbà yunifásítì kan náà lónìí, ọ̀nà tí ó wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí ọ̀kan nínú wọn mú ìwé ìbéèrè rẹ̀ dání nígbà tí ó ṣì jẹ́ ojú-ìwé kan ṣoṣo, kí ó rìn ín.